Òfíò Lẹ́yìnkùlé: Omi Ló Fẹ́, Ẹrẹ̀ Kọ́

Ọ̀pọ̀ ilé ló ní ibì kan lẹ́yìnkùlé tí kì í gbẹ tán bọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kànga, ó lè jẹ́ ìsàlẹ̀ ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó sì lè jẹ́ àkùrọ̀ kékeré létí odò tó gba ẹ̀yìn ilé kọjá. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá gbìn síbẹ̀ á jẹrà, iṣu kò ní ta dáadáa, ata á máa kú lójú ẹni. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn wá ń ṣe ni pé wọ́n á kó yẹ̀pẹ̀ dí i, tàbí kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún koríko. Mo fẹ́ kí ẹ gbin òfíò síbẹ̀.

Àṣìṣe kan ló ń ba ti ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Wọ́n gbọ́ pé òfíò fẹ́ràn omi, wọ́n sì lọ sin ín sínú ẹrẹ̀. Ewé á yọ, á tutù yọ̀yọ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá hú u ni wọ́n á rí i pé kò sí nǹkan nísàlẹ̀, tàbí pé ìwọ̀nba tó wà níbẹ̀ ti rà. Omi tó ń kọjá ni òfíò fẹ́, kò fẹ́ omi tó dúró. Ó fẹ́ omi nígbà tó ń dàgbà, ó sì fẹ́ ọ̀gbẹlẹ̀ nígbà tó bá ń gbó. Ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí ẹ máa kà nísàlẹ̀ yìí ti wá.

Irú ewéko wo ni?

Àwọn kan ń pe òfíò ní ìmumu, àwọn Hausa ń pè é ní aya. Kì í ṣe ẹbí ẹ̀pà rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ ilẹ̀ ni a ti ń hú àwọn méjèèjì. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko fún un ni Cyperus esculentus. Ará ilé kan náà ni òun àti làbẹ́làbẹ́ tó ń ya ni lẹ́sẹ̀ létí odò, àti papyrus tí àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ fi ń ṣe ìwé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹbí yìí yàtọ̀ sí koríko lásán, ẹ mú igi tó gbé òdòdó rẹ̀ sáàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, kí ẹ yí i. Ti koríko á yí gbirigbiri, nítorí pé ó róbótó, inú rẹ̀ sì sábà máa ń ṣófo. Ti òfíò kò ní yí geerege, nítorí pé ó ní igun mẹ́ta, inú rẹ̀ sì kún.

Ilẹ̀ Áfíríkà jẹ́ ilé rẹ̀. Wọ́n ti bá hóró rẹ̀ nínú ibojì àwọn ará Íjíbítì tó ti wà ṣáájú ìgbà àwọn Fáráò. Èyí tó ń hù fúnra rẹ̀ wà ní àkùrọ̀ wa títí dòní, ṣùgbọ́n hóró tirẹ̀ kéré. Èyí tí à ń rà lọ́jà ni èyí tí àwọn àgbẹ̀ ti ṣà láti ìran dé ìran nítorí pé hóró rẹ̀ tóbi, ó dùn, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yọ òdòdó.

Ó yẹ kí á mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ kí á tó fọwọ́ kan ọkọ́. Ìsàlẹ̀ igi òfíò máa ń wú díẹ̀ bí àlùbọ́sà kékeré. Láti ibẹ̀ ni okùn funfun tín-ín-rín ti ń nà lọ sí ẹ̀gbẹ́. Orí okùn yìí ló ní ọ̀nà méjì tó lè gbà. Bí ọ̀sán bá gùn, tí ajílẹ̀ sì pọ̀ jù, á kọjú sókè, á di ọmọ tuntun tó ń yọ ewé. Bí ọ̀sán kò bá ju nǹkan bíi wákàtí 12 lọ, orí okùn á wú, á di hóró. Nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀sán kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá wákàtí 12 àti ààbọ̀ láàárín ọdún, ìyẹn sì jẹ́ ọrẹ tí a kò san owó fún. Ohun tó kù sọ́wọ́ wa ni ilẹ̀, omi àti ajílẹ̀.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ pé Òkè Ọya ni èyí tó pọ̀ jù nínú òfíò ọjà wa ti ń wá, láti Kebbi, Sokoto, Katsina àti Kano. Wọ́n ní yanrìn, wọ́n sì ní àkókò ọ̀gbẹlẹ̀ tó gùn láti fi kórè àti láti fi sá a. Ilẹ̀ tiwa lẹ̀ mọ́ hóró, òjò wa sì máa ń rọ̀ lé ìkórè lórí. A lè tún méjèèjì ṣe lórí ilẹ̀ kékeré.

Ẹ yẹ ilẹ̀ wò ná

Ẹ gbẹ́ ihò kan tó jin ní sẹ̀ǹtímítà 30, tó sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ pọn omi kún un, ẹ jẹ́ kó fà tán, kí ẹ tún pọn ọ́n kún lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà kejì yìí ni ká wo aago. Bí omi bá fà tán láàárín wákàtí 1 sí 4, ilẹ̀ náà dára bó ṣe wà. Bí ó bá gbẹ kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé, yanrìn ti pọ̀ jù, ẹ ó máa bomi rin ín lójoojúmọ́ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ àyàfi tí ẹ bá po ilẹ̀dú, ìyẹn ewé àti pàǹtírí tó ti jẹrà di ilẹ̀, mọ́ ọn. Bí omi bá ṣì dúró lẹ́yìn wákàtí 4, ẹ ní láti gbé bẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ebè fífẹ̀ tí a ń gbin nǹkan sí, sókè. Fún àkùrọ̀, ẹ gbẹ́ ihò mìíràn tó jin ní 50 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì láìpọn omi sí i. Bí ẹ bá bá omi tó ti ru wá sókè nínú rẹ̀ tí kò jìn tó 30 sẹ̀ǹtímítà sí ojú ilẹ̀, ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì sókè níbẹ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò ní fi bò. Nínú ọ̀pọ̀ àgbàlá, ohun tó jẹ́ kí ibì kan máa tutù nígbà gbogbo ni omi balùwẹ̀ tó ń dà síbẹ̀, tàbí ṣáláńgá àti ihò ìdọ̀tí tó wà nítòsí. Ẹ má gbin òfíò síbẹ̀ láé. Tútù ni à ń jẹ ẹ́, ara rẹ̀ sì hun jọ, ìdọ̀tí máa ń sá pamọ́ sínú ìhunjọ yẹn. Kòkòrò àrùn onígbá-méjì àti jẹ̀funjẹ̀fun lè bá a wọ ẹnu ọmọ. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, òdòdó ni kí ẹ gbìn sí i. Ẹ jìnnà sí ihò ìdọ̀tí tó mítà 15 ó kéré tán, kí ibi tí ẹ yàn sì wà lókè ihò náà, kì í ṣe nísàlẹ̀ rẹ̀.

Oòrùn náà ṣe pàtàkì. Ibi tutù tó wà lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí máńgòrò kò dára. Òfíò tí kò rí oòrùn tó wákàtí 6 lóòjọ́ á ga, á tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì ní so.

Bẹ́ẹ̀dì

Fún ilẹ̀ tó dára nínú ìdánwò, ẹ fi ọkọ́ tú u dé 25 sẹ̀ǹtímítà, ẹ ṣa gbòǹgbò àti òkúta kúrò, kí ẹ kọ ebè kékeré tó ga ní 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ jẹ́ kí poro wà láàárín wọn kí omi lè rí ọ̀nà gbà. Ẹ kọjú poro sí ibi tí ilẹ̀ dà sí, àmọ́ kó má dà jù, kí òjò má baà wọ́ ebè lọ.

Fún ilẹ̀ amọ̀, ẹ má ro pé ẹ lè da ìwọ̀nba yanrìn sí i kí ó sì dára. Yanrìn díẹ̀ nínú amọ̀ púpọ̀ á gan bí bíríkì ni. Bẹ́ẹ̀dì gíga ni kí ẹ ṣe. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù tàbí pákó yí ibi tó fẹ̀ ní mítà 1, tó gùn ní mítà 2 ká, ẹ tú ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wá kún un dé 25 sẹ̀ǹtímítà. Ìyẹn jẹ́ ìdajì mítà kúbíìkì, ó tó nǹkan bíi bárò 8 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba lítà 60. Àdàlù tí mo fọwọ́ sí ni bárò yanrìn odò 4, bárò ilẹ̀ dúdú ojú oko 2, àti bárò ilẹ̀dú tó ti jẹrà dáadáa 2. Ẹ má lo yanrìn etí òkun tí òjò kò tíì fọ̀, iyọ̀ inú rẹ̀ lè dá ìdàgbà dúró. Àǹfààní bẹ́ẹ̀dì gíga lórí ilẹ̀ tutù ni pé òkè rẹ̀ á máa gbẹ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á sì máa fa omi sókè díẹ̀díẹ̀. Ohun tí òfíò ń wá gan-an nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ 3 kí ẹ tó gbìn ni kí ẹ po ìgbẹ́ adìyẹ tàbí ìgbẹ́ màlúù mọ́ ilẹ̀, kílò 2 sí mítà kan níbùú lóròó. Kó jẹ́ èyí tó ti jẹrà tó oṣù mẹ́ta, tí kò rùn mọ́. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù máa ń jó irúgbìn, ó sì máa ń sọ òfíò di oko ewé, ẹ sì rántí ohun tí mo sọ nípa àìmọ́. Bí ó bá jẹ́ ajílẹ̀ alápò NPK 15-15-15 lẹ ní, gíráàmù 20 sí mítà kan níbùú lóròó ti tó, ìdajì nígbà gbígbìn, ìdajì lọ́sẹ̀ kẹta lẹ́yìn tó bá hù. Ajílẹ̀ yúríà kò ní iṣẹ́ kankan níbí. Eérú igi tó kún ẹ̀kúnwọ́ méjì sí mítà kan lè ràn án lọ́wọ́ láti gbó, nítorí èròjà pòtásíọ̀mù tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi kún un ju bẹ́ẹ̀ lọ, ilẹ̀ tó kan díẹ̀ ló wù ú.

Ìgbà wo?

Láti ìgbà gbígbìn sí ìkórè jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 90 sí 120. Ẹ ka ìṣirò náà sẹ́yìn láti ìgbà tí ẹ fẹ́ kórè, ẹ má kà á síwájú láti ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gbìn ín ní oṣù kẹrin á máa kórè ní oṣù keje tàbí ìkẹjọ, nígbà tí ilẹ̀ rọ̀ tí kò sì sí oòrùn láti fi sá a. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń retí kí òjò dáwọ́ dúró fúngbà díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ṣùgbọ́n ìdáwọ́dúró yẹn kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé fún ohun tó nílò ọ̀sẹ̀ méjì oòrùn.

Ìparí oṣù kẹjọ sí àárín oṣù kẹsàn-án ló dára jù fún ilẹ̀ Yorùbá. Òjò kejì á tọ́ ọ dàgbà, ìgbà tí òjò bá ń lọ ní oṣù kọkànlá ni hóró á máa gbó, ọ̀sán náà á ti máa kúrú sí i, ọyẹ́ á sì bá yín sá a ní oṣù kejìlá àti oṣù kìíní. Fún àkùrọ̀ tí omi máa ń bò nígbà òjò, ẹ dúró di ìgbà tí omi bá fà sẹ́yìn, bí oṣù kọkànlá, kí ẹ gbìn ín sórí ọ̀rinrin tó kù sílẹ̀.

Irúgbìn

Òfíò ọjà ṣeé gbìn, bí wọn kò bá tíì yan án lórí iná tí kò sì tíì pẹ́ jù. Ẹ ra èyí tí hóró rẹ̀ tóbi, tí kò ní ihò, tí kò bu, kí ó sì jẹ́ irú kan, kí ẹ má po aláwọ̀ ìyeyè mọ́ aláwọ̀ ilẹ̀. Fún bẹ́ẹ̀dì mítà 1 sí mítà 2, gíráàmù 100 tó, ó sì ní ìṣẹ́kù. Ẹ fi 20 hóró dán an wò kí ẹ tó ná owó lórí yanrìn: ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ kan, ẹ fi aṣọ tutù wé e, ẹ fi sínú ọ̀rá tí ẹ kò dì pa, kí ẹ wò ó lẹ́yìn ọjọ́ 7 sí 10. Bí 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá la ẹnu, ó ṣeé gbìn. Bí kò bá tó 10, ẹ fi mu kùnnù, kí ẹ ra òmíràn.

Èyí tí ẹ fẹ́ gbìn, ẹ rẹ ẹ́ fún wákàtí 24 sí 48, kí ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Omi tí a kò pààrọ̀ á kan, á hó, ojú ìhù á sì kú. Èyí tó bá ṣì léfòó lẹ́yìn ọjọ́ kejì, ẹ yọ ọ́ dànù.

Ẹ gbìn ín ní ìlà tó fi 30 sẹ̀ǹtímítà jìnnà síra, hóró sí hóró 15 sẹ̀ǹtímítà lójú ìlà. Lórí bẹ́ẹ̀dì mítà 1 níbùú, ìlà 3 ni, kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè ní àyè. Jíjìn rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 3 sí 4 lọ. Bí ó bá jìn jù lórí ilẹ̀ tutù, á rà kí ó tó yọ; bí kò bá jìn, adìyẹ àti ẹyẹ á hú u. Hóró tó kéré, ẹ fi méjì sí ihò kan. Ẹ bò ó, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí ẹ bomi rin ín pẹ̀lú ohun tó ń wọ́n omi, kì í ṣe korobá tí á gbẹ́ ilẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ 7 sí 14, ewé tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ á yọ.

Ìtọ́jú títí tó fi gbó

Fún ọ̀sẹ̀ 8 àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ. Ẹ ki ìka bọ ilẹ̀ dé oríkèé kejì. Bí ó bá tutù níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá gbẹ, ẹ bomi rin ín. Ìka yìí dára ju kàlẹ́ńdà lọ, nítorí ilẹ̀ tutù kò gbẹ bákan náà lójoojúmọ́. Bí ewé bá ń pọ́n lọ́sẹ̀ karùn-ún, ẹ má sáré gbé ajílẹ̀. Ẹ wú ilẹ̀ díẹ̀ kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, omi ló ń pa á, ẹ la poro sí i kí omi jáde. Bí ilẹ̀ kò bá rùn, tó sì jẹ́ pé àwọn ewé ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ pọ́n, ebi ló ń pa á.

Ẹ fọwọ́ fa koríko tu ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìkẹrin àti ìkẹfà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ má ki ọkọ́ bọ ibẹ̀ mọ́. Okùn funfun tó ń so hóró kò jìn rárá, ọkọ́ kan á gé mẹ́wàá. Ẹ kàn wọ́ ilẹ̀ láti inú poro bo ìdí rẹ̀ díẹ̀.

Ọ̀tá tó le jù níbi koríko títu ni ìbátan rẹ̀, Cyperus rotundus, tó kún inú oko ẹ̀fọ́ wa. Nígbà tí wọ́n bá kéré, wọ́n jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò mọ̀ yóò fi omi àti ajílẹ̀ bọ́ ọ fún oṣù mẹ́ta. Ẹ wo ṣóńṣó ewé: ti òfíò máa ń tín-ín-rín díẹ̀díẹ̀ títí á fi gùn ṣọnṣọ, ti ìkejì máa ń parí lójijì. Òdòdó òfíò, bó bá yọ rárá, jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè bíi ti koríko gbígbẹ. Ti ìkejì ṣókùnkùn bí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ. Bí ẹ bá sì hú u, hóró òfíò wà lórí okùn kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan, hóró ti ìkejì tò tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ lójú okùn kan, ó korò, ó sì ń rùn bí oògùn. Gbogbo èyí tí ẹ bá rí, ẹ wà á tòun ti hóró rẹ̀. Bí ẹ bá já ewé rẹ̀ nìkan, hóró tó kù nísàlẹ̀ á hù padà ni. Nítorí náà, bí ilẹ̀ tí ẹ yàn bá ti kún fún un, ẹ kọ́kọ́ gbógun tì í fún àkókò òjò kan kí ẹ tó gbin òfíò.

Eku, òkété àti ọ̀kẹ́rẹ́ mọ ìgbà tí òfíò dùn ju àwa lọ. Láti ọ̀sẹ̀ kẹwàá ni wọ́n ti ń wá. Wáyà nẹ́ẹ̀tì tí a tẹ́ sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì gíga kí a tó kún un ló ń dí òkété lọ́wọ́, nítorí abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbà wọlé. Ẹ ro àyíká rẹ̀ mọ́ dé mítà 2, eku kì í fẹ́ gba ojú gbalasa. Ikán máa ń wá nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ jù lọ́wọ́ ìparí, pàápàá bí pákó tó ń jẹrà bá wà nítòsí.

Lọ́sẹ̀ 3 sí ìkórè, ẹ dá omi dúró pátápátá. Ó máa ń ṣòro fún ẹni tó ti ń tọ́jú rẹ̀ láti rí i kí ewé máa gbẹ, ṣùgbọ́n bí omi bá ṣì ń lọ, hóró tó ti gbó á tún bẹ̀rẹ̀ sí í hù nínú ilẹ̀, ṣúgà rẹ̀ á lọ sínú ewé tuntun, ẹ ó sì hú ohun tó rọ̀ tí kò dùn.

Ìkórè àti sísá

Ìdámẹ́ta méjì ewé á ti gbẹ. Ẹ hú ìdí kan wò: hóró tó gbó ní àwọ̀ tirẹ̀, ó le, okùn rẹ̀ sì já fúnra rẹ̀ bí ẹ bá gbọn ọ́n. Bí púpọ̀ bá ṣì funfun, ẹ dúró ní ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ẹ gé ewé kúrò, ẹ fi fọ́ọ̀kì oko tàbí ọkọ́ gbé ìdí kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀, kí ẹ gbọn ilẹ̀ rẹ̀ sórí ajọ̀ tí ojú rẹ̀ tó mílímítà 5. Yanrìn á jọ̀ lọ, hóró á dúró. Ní báyìí ni ẹni tó kún bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ pẹ̀lú yanrìn máa rí èrè ìnáwó rẹ̀. Ẹni tó gbìn ín sínú amọ̀ á máa fi èékánná yọ ọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ gbogbo ilẹ̀ bẹ́ẹ̀dì náà dé 20 sẹ̀ǹtímítà.

Ẹ fọ̀ ọ́ lómi mẹ́ta nínú agbọ̀n, kí ẹ máa fọwọ́ ra á. Èyí tí ẹ fẹ́ jẹ ní tútù, ẹ jẹ ẹ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ìyókù di ti oòrùn. Òfíò tútù lè ní omi tó ìdajì ìwọ̀n rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ dín sí nǹkan bíi 11 nínú 100 kó tó ṣeé kó pamọ́. Ní Valencia lórílẹ̀-èdè Sípéènì, níbi tí wọ́n ti ń fi òfíò ṣe ohun mímu tí wọ́n ń pè ní orxata, nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń gbẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ òrùlé, wọ́n á sì máa yí i padà. Wọ́n gbà pé ìgbẹ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ló ń mú adùn rẹ̀ jáde. Ọyẹ́ wa yá ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà wúlò: ẹ fi í sábẹ́ òjìji tí atẹ́gùn ń fẹ́ fún ọjọ́ 3 àkọ́kọ́ kí ẹ tó gbé e sí oòrùn gangan, kí ara rẹ̀ má baà gan nígbà tí inú ṣì tutù. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ ẹ sórí tapólì tàbí ẹní tó wà lórí tábìlì, kó má nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. Ẹ máa yí i nígbà 3 lóòjọ́, kí ẹ kó o wọlé kí ìrì tó sẹ̀.

Ìwọ̀n ló ń sọ òtítọ́. Ẹ wọn ún lọ́jọ́ kan, ẹ sá a, ẹ tún wọn ún lọ́jọ́ kejì. Bí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá yí padà fún ọjọ́ méjì, ó ti gbẹ. Á máa dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ nínú àwo, á sì hun jọ. Kílò 1 tútù sábà máa ń kù sí nǹkan bíi gíráàmù 600. Ẹ má fi ojú fo ìpele yìí: òfíò tí a kò gbẹ dáadáa máa ń bu nínú àpò, àwọn irú èbu kan sì máa ń mú májèlé jáde tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, tí fífọ̀ àti sísè kò lè mú kúrò. Èyí tó bá bu, ẹ dà á nù, ẹ má fún adìyẹ.

Àpò ìdọ̀họ lórí pákó ló dára fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ tó ní ọmọrí líle lè tọ́jú rẹ̀ ju ọdún kan lọ. Kí ẹ tó jẹ nínú rẹ̀ rárá, ẹ ṣa hóró tó tóbi jù láti ìdí tó so jù, kí ẹ kó o pamọ́ fún gbígbìn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á jẹ ńlá, wọ́n á gbin wẹ́ẹ́rẹ́, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà wọ́n á ní irú náà ti bàjẹ́.

Kó má di koríko fún yín

Òfíò kì í dúró síbi tí a fi í sí. Ní Minnesota, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí gbin hóró kan ṣoṣo ti irú rẹ̀ tó jẹ́ koríko. Lẹ́yìn ọdún kan, ó ti di nǹkan bí 1,900 igi àti nǹkan bí 6,900 hóró. Èyí tí à ń gbìn kò burú tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Ẹ ri páànù òrùlé àlòkù tàbí ọ̀rá tó nípọn mọ́ ilẹ̀ yí bẹ́ẹ̀dì ká, kó jin ní 40 sẹ̀ǹtímítà, kó sì yọ sókè ní 5. Ẹ má kó ìdọ̀tí ajọ̀ sórí ààtàn tí ẹ máa fi ṣe ilẹ̀dú.

Fún ẹ̀yin tó wà lókè òkun, inú ìkòkò ńlá ni kí ẹ ti gbìn ín. Ní Bìrìtìkó, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nínú ilé ní oṣù kẹrin, ẹ gbé e síta nígbà tí yìnyín ilẹ̀ bá ti parí ní ìparí oṣù karùn-ún. Ewé nìkan ló máa yọ ní oṣù kẹfà nítorí pé ọ̀sán gùn, ẹ má bínú sí i. Hóró á bẹ̀rẹ̀ sí í wá nígbà tí ọ̀sán bá ń kúrú. Ẹ hú u kí yìnyín oṣù kọkànlá tó pa á. Ìkòkò lítà 40 tí ihò wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí ẹ gbé sínú àwo omi tí kò jìn ju 3 sẹ̀ǹtímítà, á ṣe bí àkùrọ̀ kékeré. Ẹ yọ àwo náà ní ọ̀sẹ̀ 3 sí ìkórè.

Nílé, ẹ má gbin òfíò sórí bẹ́ẹ̀dì kan náà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀wà ni kí ẹ gbìn síbẹ̀. Ewé ẹ̀wà fẹ̀, òjìji rẹ̀ á dín agbára òfíò tó bá ṣẹ́kù kù, ewé rẹ̀ tín-ín-rín á sì hàn kedere láàárín rẹ̀. Ẹ máa wà á tòun ti hóró rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í na okùn.